Àṣẹ́kù, Kì í Ṣe Ìkàsẹ́yìn: Èdè-Ìperí fún Táímà Lójú Pátákó Ilé

1. Ìfáárà

Oògùn ojú oríṣi méjì ni ìyá mi ń lò. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ kìlọ̀ fún un pé bí ó bá ti kán èkíní sójú, kí ó dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán kí ó tó kán èkejì. Ìdí rẹ̀ ni pé bí a bá kán méjèèjì léra wọn, èkejì yóò ṣan èkíní dànù kí ojú tó rí i fà mu. Nígbà tí Màmá wá bá wa gbé, mo fi pátákó kan kọ́ ara ògiri ilé ìdáná. Gíláàsì pẹlẹbẹ ni pátákó yìí, òun ni a sì fi ń wo ohun tí àwọn ẹ̀rọ inú ilé ń ṣe: iná tó wà ní títàn, omi tó wà nínú táńkì, àti ilẹ̀kùn tó wà ní ṣíṣí. Mo fi táímà oníṣẹ́jú márùn-ún kan sí i nítorí oògùn Màmá. Bí ó bá ti kán oògùn èkíní, yóò fi ìka tẹ táímà náà, yóò sì máa wò ó títí àkókò yóò fi pé.

Ní ọjọ́ kan, nígbà tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú márùn-ún, Màmá kán oògùn èkíní, ó sì tẹ táímà. Kò pẹ́ tí ọmọ mi kékeré kan fọwọ́ kan gíláàsì náà, tí táímà sì dákẹ́ jẹ́ẹ́ lójú kan. Ohun tó hàn lójú rẹ̀ ni 4:30, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, "Paused", lábẹ́ rẹ̀. Màmá wò ó, ó ní, "Ó di aago mẹ́rin ààbọ̀ nìyẹn." Ó fà sẹ́yìn, ó jókòó, ó ń retí aago mẹ́rin ààbọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ààbọ̀ péré ni ẹ̀rọ náà ń sọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo pinnu pé n ó yí ọ̀rọ̀ ojú pátákó náà sí Yorùbá. Ìkánjú kò jẹ́ kí n fi àmì ohùn sí i. Mo kọ orúkọ tí àwọn ọmọ ń pe Màmá, mo kọ ọ̀rọ̀-ìṣe tí mo rò pé ó yẹ, mo sì jẹ́ kí ẹ̀rọ fi nọ́ńbà parí rẹ̀: "Iya Agba o ku 4:30". Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá dúró síwájú pátákó fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó pè mí. Ó ní, "Ọmọ mi, wá ka nǹkan yìí fún mi. Ta ni wọ́n ní ó kú?"

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni kíkọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ohùn èdè Yorùbá. Nítorí náà, àṣìṣe yìí kò ṣeé dì ru ẹ̀rọ. Ó fi hàn mí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni mo nílò ìtumọ̀ fún, bí kò ṣe odidi ọ̀wọ́ ìperí kan tó yẹ kí a ti rò pọ̀ kí a tó kọ ẹyọ kan nínú wọn sójú pátákó. Ète ìwé àpilẹ̀kọ yìí ni láti ro ọ̀wọ́ náà pọ̀. Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé ní èdè Yorùbá, ohun tí táímà ń ṣe kì í ṣe kíka nọ́ńbà sẹ́yìn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń kéde ohun tó kù kí àkókò kan tó pé. Bí a bá gbé ìperí wa ka orí èrò yìí, èdè náà yóò bá iṣẹ́ ẹ̀rọ náà mu ju bí a ti lè rò lọ.

2. Bí Táímà Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Kí a tó sọ ohun kan lórúkọ, ó yẹ kí a mọ ìṣe rẹ̀. Àpẹẹrẹ tí a ó lò ni Home Assistant, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí Paulus Schoutsen dá sílẹ̀ ní ọdún 2013, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní onírúurú orílẹ̀-èdè sì ń lò láti darí ẹ̀rọ inú ilé wọn. Ohun méjì ló yẹ kí a yà sọ́tọ̀ níbẹ̀. Èkíní ni kọ̀ǹpútà tó ń darí ilé, èyí tí a lè fi pamọ́ sí kọ̀rọ̀ yàrá. Èkejì ni pátákó tí a ń wò. Kọ̀ǹpútà ló ń mọ̀; pátákó ló ń fi hàn.

Bí a bá dá táímà oníṣẹ́jú márùn-ún sílẹ̀ ní aago 3:55, ẹnikẹ́ni lè rò pé kọ̀ǹpútà yóò máa yọ ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan kúrò nínú 300, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni tó ń yọ òkúta kúrò nínú igbá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣirò kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà ṣe: ó fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún aago 3:55, ó sì kọ aago 4:00 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí àkókò yóò pé. Lẹ́yìn èyí, kò tún ka nǹkan kan mọ́. Ó ń retí aago 4:00 ni. Pátákó ló ń wo aago tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, tó ń yọ ìsinsìnyí kúrò nínú aago 4:00, tó sì ń kọ ìyókù sójú gíláàsì. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí aago inú pátákó bá fi ìṣẹ́jú kan yára ju ti kọ̀ǹpútà lọ, ohun tí a óò rí lójú pátákó yóò fi ìṣẹ́jú kan dín sí òtítọ́.

Bí táímà bá sinmi, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Kọ̀ǹpútà yóò nu aago 4:00 kúrò, nítorí kò sí ẹni tó mọ ìgbà tí a óò tún tẹ̀ ẹ́. Ohun tí yóò fi pamọ́ nígbà náà ni ìyókù: ìṣẹ́jú mẹ́rin ààbọ̀. Nígbà tí a bá tún tẹ̀ ẹ́, yóò fi ìyókù yìí kún ìsinsìnyí, ìgbà ìparí tuntun yóò sì jáde.

A tún gbọ́dọ̀ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iná ọba bá lọ tí kọ̀ǹpútà sì kú. Bí a kò bá ti sọ fún un tẹ́lẹ̀, táímà yóò padà sí ipò ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí iná bá dé, bí ẹni pé a kò tẹ̀ ẹ́ rí. Ṣùgbọ́n bí a bá ti pàṣẹ pé kí ó máa mú táímà padà bọ̀ sípò, yóò wo ìgbà ìparí tó ti kọ sílẹ̀. Bí ìgbà náà kò bá tí ì tó, yóò máa bá iṣẹ́ lọ; bí ó bá ti kọjá nínú òkùnkùn, yóò kéde lójú ẹsẹ̀ pé àkókò ti pé. Èyí ṣeé ṣe nítorí pé ìgbà ìparí ni ó fi pamọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ló ń ka nọ́ńbà ni, ibi tí iná ti lọ ni kíkà náà ì bá ti dúró.

Ohun mẹ́ta ni a rí dì mú nínú àlàyé yìí, orúkọ mẹ́ta ni a sì nílò. Ti àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n àkókò tí a yàn, ìyẹn ìṣẹ́jú márùn-ún. Ti ìkejì ni ìgbà tí àkókò náà yóò pé, ìyẹn aago 4:00. Ti ìkẹta ni ohun tó kù láàárín ìsinsìnyí àti ìgbà náà. Fún ti ìkejì, Yorùbá ti ní gbèdéke, ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ààlà tí a pa fún iṣẹ́ tàbí fún gbèsè. Kò sí ìdí tí a óò fi wá òmíràn. Ti ìkẹta ni ó gba àríyànjiyàn.

3. Yíyan Orúkọ fún Táímà

Àwọn orúkọ tí a lè dábàá nìwọ̀nyí:

(1) a. aago ìkàsẹ́yìn
    b. aago ìkàwálẹ̀
    d. aago àdínkù
    e. aago àṣẹ́kù

Ìkàsẹ́yìn ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹni tó bá ń ti inú èdè mìíràn túmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí sẹ́yìn ń ṣe nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ àkókò. Bí a bá wí pé "ọdún mẹ́ta sẹ́yìn", ohun tó ti kọjá ni a ń tọ́ka sí. Táímà kò kọjú sí ohun tó ti kọjá; iwájú ni ó kọjú sí, níbi tí gbèdéke wà. Ẹni tó bá gbọ́ "aago ìkàsẹ́yìn" lè rò pé aago tó ń sọ iye àkókò tó ti kọjá láti ìgbà tí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ni, irú èyí tí a fi ń wọn eré sísá. Ìyẹn ni òdìkejì gan-an ohun tí à ń wí. Ẹ̀wẹ̀, bí a bá gé ìperí náà kúrú, bí àwọn ènìyàn ti máa ń ṣe, "aago ìkà" ni yóò kù, kò sì sí ilé tó fẹ́ aago ìkà lára ògiri.

Ìkàwálẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1929, Fritz Lang gbé sinimá kan jáde ní Jámánì tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Frau im Mond. Nínú rẹ̀, a ka nọ́ńbà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra lọ sínú òṣùpá. Irú kíkà báyìí ni gbogbo ayé wá mọ̀ mọ́ ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ sójú sánmà. Àwòrán nọ́ńbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ ni ó wà nídìí ìperí yìí. Ní Yorùbá, owó ọjà ló ń wálẹ̀, ara gbígbóná ló ń wálẹ̀. A kì í sọ pé àkókò wálẹ̀.

Àdínkù sàn ju méjèèjì lọ, nítorí pé àkókò tó ń dín ni à ń wò lóòótọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń sọ pé nǹkan ń dín láìsọ pé ó ní ibi tí ó ń lọ. Bákan náà, "aago àdínkù" lè túmọ̀ sí aago tó ń falẹ̀, tó ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ dín sí òtítọ́ lójoojúmọ́.

Àṣẹ́kù ni a fara mọ́. Ó wá láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe ṣẹ́kù, pẹ̀lú àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à-. Kò ṣàjèjì: gbogbo ilé ló mọ àjẹṣẹ́kù, àwọn olùkọ́ ìṣirò náà sì ń lo àṣẹ́kù fún ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn pípín. Ohun tó ṣẹ́ kù gbọ́dọ̀ jẹ́ ara odidi kan tí a ti mọ̀. Èyí ni ó so àṣẹ́kù mọ́ ìwọ̀n àkókò tí a yàn, tó sì so ó mọ́ gbèdéke. Nítorí náà, a ó pe ẹ̀rọ náà ní aago àṣẹ́kù, a ó pe ohun tó hàn lójú rẹ̀ ní àṣẹ́kù, a ó sì pe iṣẹ́ tó ń ṣe ní kíka àṣẹ́kù. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má sọ táímà nínú ilé ìdáná. Ọ̀rọ̀ àyálò tó ti wọ ẹnu ni, a sì ń lò ó nínú ìwé yìí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀kọ́ nílò ìperí tó lè bí ìperí mìíràn, táímà kò sì lè bí ọmọ ní Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ méjì mìíràn wà tó yẹ kí a mẹ́nu bà. Fún pátákó tí a ń wò, a dábàá pátákó àmójútó, ní ìbámu pẹ̀lú pátákó ìkọ̀wé àti pátákó ìpolówó tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Fún irú ilé bẹ́ẹ̀, "ilé ọlọ́gbọ́n" kò tẹ́ wa lọ́rùn, nítorí pé ọgbọ́n jẹ́ ti ènìyàn, ilé tí ọmọ kékeré sì lè fi ìka kan dá dúró kò tí ì gbọ́n. A dábàá ilé àfẹ̀rọdarí, tí a ṣẹ̀dá lọ́nà kan náà pẹ̀lú àfọwọ́kọ àti àfọwọ́fà.

4. Kù, Ku, Kú

A padà sí ìbéèrè Màmá: "Ta ni wọ́n ní ó kú?" Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(2) a. Ìṣẹ́jú mélòó ni ó kù?
    b. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún.
    d. Aago náà ti kú.
    e. Ẹ kú iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà ní (2a) jẹ́ olóhùn ìsàlẹ̀. Ní (2b), ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti di ohùn àárín nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀. Òfin yìí kì í ṣe tuntun sí olùkọ́ èdè: gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tó jẹ́ olóhùn ìsàlẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí a ti ń sọ "ó kà á" àti "ó ka ìwé". Ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà ní (2d) jẹ́ olóhùn òkè, ikú ni ó ń sọ, ìbáà jẹ́ ti ènìyàn, ti aago tàbí ti fóònù. Èyí tó wà ní (2e) jẹ́ olóhùn òkè pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìkíni ni. Bí a bá mú àmì ohùn kúrò, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di "ku".

Nínú ìwé ìròyìn tàbí ìwé ìtàn, ọ̀rọ̀ tó yí i ká lè gba òǹkàwé sílẹ̀. Ojú pátákó kò ní irú àǹfààní yìí. Ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta péré ni ó gbà, orúkọ ènìyàn sì lè wà lára wọn. Orúkọ ènìyàn tí "o ku" tẹ̀ lé, láìsí àmì, yóò di ìkéde òkú lójú ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá.

A lè dáhùn pé kí a ṣáà máa fi àmì sí i. Òótọ́ ni, kò sì sí àwíjàre fún ẹni tó kọ "o ku" nítorí ìkánjú: lẹ́tà bíi ù àti ú wà lódindi lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń fa ìyọnu ni ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀, níbi tí àmì wà lókè tí ẹ̀sẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Kò sí ẹyọ kan ṣoṣo tó dúró fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nínú ètò Unicode. A ní láti to àmì lé orí lẹ́tà, àwọn pátákó àtijọ́ mìíràn sì máa ń gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́.

Síbẹ̀, àmì nìkan kò tó, nítorí pé ìṣòro kejì wà. Ètò kọ̀ǹpútà kì í kọ gbólóhùn. Ó ń so ègé ọ̀rọ̀ pọ̀ ni. Ẹni tó ń túmọ̀ kọ ègé kan, ẹ̀rọ sì fi nọ́ńbà tàbí orúkọ kún un. Bí ègé náà bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, ohùn wo ni yóò ní? Bí kò bá sí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀, "ó kù" ni. Bí "ìṣẹ́jú" bá tẹ̀ lé e, "ó ku" ni. Atúmọ̀ kò lè mọ èyí tí yóò ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ kò ní irú wàhálà báyìí. Àṣẹ́kù kì í pa ohùn dà, yálà nọ́ńbà tẹ̀ lé e tàbí kò tẹ̀ lé e. Nítorí náà, a lè fi í ṣe òfin fún gbogbo atúmọ̀ ojú pátákó pé níbi tí ẹ̀rọ yóò ti fi nǹkan kún ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀-orúkọ ni kí a lò, kí a fi àmì olójú méjì yà á sọ́tọ̀: "Àṣẹ́kù: ìṣẹ́jú 4".

Ẹnìkan lè takò wá pé bí àmì bá sọnù lórí àṣẹ́kù pẹ̀lú, ó lè jọ ara aṣekúpani. Àríwísí náà tọ́ kí a gbọ́. Èsì wa ni pé ṣekú inú ọ̀rọ̀ yẹn kì í dá dúró. Pa gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Níbi tí kò bá ti sí pa, kò sí ẹni tí yóò ka ikú síbẹ̀.

5. Ipò Aago àti Àṣẹ

Ipò mẹ́ta ni aago àṣẹ́kù lè wà nínú Home Assistant. Ó lè máa retí àṣẹ, ó lè máa ṣiṣẹ́, ó sì lè sinmi. A mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún "dúró" fún ipò ìkẹta yìí. Bí Yorùbá bá ní "aago ti dúró", ohun tó ń wí ni pé aago ti bàjẹ́ tàbí pé bátìrì rẹ̀ ti tán. Ohun tó sinmi yóò tún padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ibi tí ewu pọ̀ sí jù ni òpin. Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ aago náà fi lè dópin: àkókò lè pé, ẹnìkan sì lè fagi lé e kí ó tó pé. Kọ̀ǹpútà mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, ìkéde tó ń ṣe fún ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀nà méjèèjì, ipò kan náà ni aago padà sí: ó ń retí àṣẹ. Ẹni tó bá wo pátákó lẹ́yìn náà kò ní mọ èyí tó ṣẹlẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ oògùn, ìyàtọ̀ ńlá ni. Nítorí náà, kò tó kí pátákó fi ipò hàn. Ó yẹ kí ó fi ìṣẹ̀lẹ̀ hàn pẹ̀lú: "Àkókò ti pé" fún èkíní, "A ti fagi lé e" fún èkejì. A yan pé dípò parí nítorí pé bí ọjọ́ tí a dá bá kò, "ọjọ́ pé" ni Yorùbá ń wí. Iṣẹ́ ni a ń parí. Àkókò ń pé ni.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó kọ ètò náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní láti rò. Bí pátákó bá ń pàṣẹ, ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀? "Tẹ̀ ẹ́" dára fún ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún ni yóò ka pátákó ti ilé ìdáná wa, ẹ̀rọ kò sì dàgbà ju ọmọ ilé lọ. "Ẹ tẹ̀ ẹ́" ni ó yẹ kí a kọ síbi gbogbo, nítorí pé kò sí ọmọdé tí ọ̀wọ̀ àṣejù yóò pa lára, ṣùgbọ́n àgbà tí ẹ̀rọ bá sọ ọ́ di ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní fẹ́ràn ẹ̀rọ náà.

6. Nọ́ńbà Lójú Pátákó

Àṣìṣe Màmá àkọ́kọ́ kò ní í ṣe pẹ̀lú ohùn. 4:30 ni ó rí, ó sì kà á bí a ti ń ka aago. Ẹnikẹ́ni ì bá ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé aago ọjọ́ àti ìwọ̀n àkókò ń pín àmì kan ṣoṣo lò. Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn ní Yorùbá bí a bá lo orúkọ ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n kí a rántí pé ní èdè wa, ọ̀rọ̀-orúkọ ló ń ṣáájú nọ́ńbà. Ètò tí a ṣe fún èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi lẹ́tà ìwọ̀n sẹ́yìn nọ́ńbà. Bí a bá kàn pààrọ̀ lẹ́tà láìpààrọ̀ ipò, "4 ìṣẹ́jú 30 àáyá" ni yóò jáde, èyí tí òǹkàwé lè kà sí "ìṣẹ́jú 30". Ohun tó tọ́ ni "ìṣẹ́jú 4 àáyá 30". Àáyá nìkan tó láti dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá níbi tí àyè kò bá ti sí.

Ti ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ jáde tún yàtọ̀. Bí a bá ní kí ó máa pe àáyá kọ̀ọ̀kan, kò ní lè ṣe é. Ẹ̀tàdínláàádọ́ta jẹ́ onísílébù mẹ́jọ. Kí ẹ̀rọ tó pè é tán, àáyá mìíràn yóò ti wọlé dé. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ó sọ ti ìṣẹ́jú nìkan títí yóò fi ku àáyá mẹ́wàá, lẹ́yìn náà kí ó lo àwọn nọ́ńbà tí àwọn ọmọdé fi ń kà nínú eré: ẹ̀wá, ẹ̀sán, ẹ̀jọ, èje, ẹ̀fà, àrún, ẹ̀rin, ẹ̀ta, èjì, ení. Onísílébù méjì méjì ni gbogbo wọn, ẹsẹ̀ wọn sì dọ́gba.

Ó yẹ kí a kíyè sí nǹkan kan nípa àwọn nọ́ńbà gígùn náà. Ẹ̀tàdínláàádọ́ta kò ka ohun tí a ti kó jọ. Ó dárúkọ àádọ́ta tó wà níwájú, ó sì sọ iye tó kù kí a tó dé ibẹ̀. Bákan náà ni a ń sọ pé "aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá": a kọ́kọ́ dárúkọ gbèdéke, lẹ́yìn náà a sọ àṣẹ́kù. Ohun tí kọ̀ǹpútà inú ilé ń ṣe nìyí gẹ́lẹ́. Ó di gbèdéke mú, ó sì jẹ́ kí pátákó yọ ìsinsìnyí kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní bí ètò yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kò nílò àwòrán ọkọ̀ òfuurufú.

7. Àkójọ Ìperí

A kó àwọn ìperí tí a dábàá jọ síhìn-ín fún àyẹ̀wò:

aago àṣẹ́kù: ẹ̀rọ tàbí ètò tó ń kéde ohun tó kù kí àkókò kan tó pé, táímà.
àṣẹ́kù: ohun tó kù láàárín ìsinsìnyí àti gbèdéke.
kíka àṣẹ́kù: iṣẹ́ tí aago náà ń ṣe.
ìwọ̀n àkókò: iye àkókò tí a yàn fún aago ní ìbẹ̀rẹ̀.
gbèdéke: ìgbà tí àkókò yóò pé.
pátákó àmójútó: gíláàsì tí a fi ń wo ohun tó ń lọ nínú ilé, tí a sì fi ń pàṣẹ.
ilé àfẹ̀rọdarí: ilé tí kọ̀ǹpútà ń darí àwọn ẹ̀rọ inú rẹ̀.
retí àṣẹ, ṣiṣẹ́, sinmi: ipò mẹ́ta tí aago lè wà.
pé, fagi lé: ọ̀nà méjì tí iṣẹ́ aago fi ń dópin.
mú padà bọ̀ sípò: kí kọ̀ǹpútà máa bá aago tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ lẹ́yìn tí iná bá dé.

8. Àgbálọgbábọ̀

Láti ìgbà tí àjọ àwọn ọ̀mọ̀wé ti ṣe àkójọ èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bamgboṣe jẹ́ olóòtú rẹ̀, tó jáde ní ọdún 1984, a ti mọ̀ pé ìperí kò gbọ́dọ̀ dá dúró, pé ó gbọ́dọ̀ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tan. Ohun tí ìrírí pátákó fi kún ìmọ̀ yìí ni pé ìperí lè bára tan nínú ìwé kí ó sì ṣe àṣìṣe lójú gíláàsì, níbi tí àyè kò sí, tí ẹ̀rọ ń so ọ̀rọ̀ pọ̀, tí òǹkàwé sì ń fi ojú tó ń dun ni wò ó. Àfi kí a dán an wò níbẹ̀.

Ohun tó wà lójú pátákó wa báyìí nìyí. Lókè: "Oògùn ojú kejì". Lábẹ́ rẹ̀: "Àṣẹ́kù: ìṣẹ́jú 4 àáyá 30". Bí aago bá ń ṣiṣẹ́, ìlà kẹta yóò sọ gbèdéke: "Yóò pé ní aago mẹ́rin." Bí ó bá sinmi, ìlà kẹta yóò di "Aago sinmi. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ó máa lọ." A ti yọ orúkọ Màmá kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ó ń kà á fúnra rẹ̀, kò sì pè mí mọ́ láti wá túmọ̀ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí ẹnìkan tún fọwọ́ kàn án, mo gbọ́ tí ó ń bá ọmọ náà wí láti ilé ìdáná pé kí ó má ṣe jẹ́ kí aago òun máa sinmi lásán.

A rọ àwọn olùkọ́ àti àwọn atúmọ̀ kí wọ́n lo àwọn ìperí wọ̀nyí níwájú àwọn tí kò ka ìwé púpọ̀, ní ẹ̀ka èdè tiwọn, kí wọ́n sì kọ ibi tí wọ́n bá ti kùnà ránṣẹ́ sí wa. Ibi tí òǹkàwé bá ti béèrè pé "ta ni ó kú?" ni iṣẹ́ wa kò tí ì parí.